Kí Ọmọ Tó Fọhùn, Ó Ti Ń Gbọ́

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá máa ń bi ara wọn níbi tí wọ́n ti ń tò fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, tàbí lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí ọmọ ẹnìkan bá ń rojọ́ wótowòto tí ti ẹnìkejì kàn ń woni: "Tìrẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ìmọ̀ràn á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Ẹnìkan á ní kí wọ́n fi agogo bu omi fún un mu. Ẹnìkan á ní ọkùnrin ni, ọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀. Òmíràn á ní ahọ́n rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa là á. Ìyá ọmọ á padà sílé, kò ní mọ èwo ni kó ṣe nínú gbogbo rẹ̀.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀díẹ̀, torí ibi tí mo rí i pé ó ti ń dàrú ni pé ẹnu ọmọ nìkan la máa ń wò. Èdè wa sì ti fi ibi tó yẹ ká wò hàn wá. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnìkan mọ èdè Yorùbá, "Ṣé o gbọ́ Yorùbá?" la máa ń bi í. Gbígbọ́ la fi ń pe mímọ èdè. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí, gbọ́, ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta: kí ìró wọ etí, kí ọ̀rọ̀ yéni, kí èèyàn sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, bí ìgbà tí a bá ní ọmọ kan ń gbọ́ràn. Màá padà sí ìkẹta yẹn, nítorí ó ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ sí ìyà.

Nǹkan mẹ́ta ló yẹ ká yà sọ́tọ̀ nípa ọmọ kékeré: etí, òye àti ẹnu. Ṣé ìró ń wọlé? Ṣé ọmọ mọ ohun tí ìró náà túmọ̀ sí? Ṣé ó lè fi ètè, ahọ́n àti èémí gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jáde? Ọmọ tí a bá sọ fún pé "lọ mú bàtà dádì wá ní yàrá", tó lọ, tó sì gbé bàtà náà dé, ti ṣe iṣẹ́ ńlá bí kò tilẹ̀ sọ ohunkóhun. Ó gbọ́, ó yé e, kò sì gbàgbé títí tó fi dé yàrá. Ẹnu ló kù. Ọmọ mìíràn wà tó lè ka ìpolówó ọjà orí tẹlifíṣọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, síbẹ̀ bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kò lè sọ pé "omi". Ẹnu tirẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kò tíì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni èèyàn fi ń bá èèyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́rẹ̀ẹ́, tí a sì fi ń béèrè nǹkan. Bí a bá ń ka iye ọ̀rọ̀ nìkan, ọmọ kejì yìí la ó máa yìn, ti àkọ́kọ́ la ó máa sunkún lé lórí. Nínú àwọn méjèèjì, ti èkejì ló ń já mi láyà jù.

Inú oyún ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí oyún tó pé oṣù méje, etí ọmọ ti ń ṣiṣẹ́, ohùn ìyá rẹ̀ ló sì ń gbọ́ jù lọ. Ní 1980, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, DeCasper àti Fifer, fi orí-ọmú onírọ́bà sẹ́nu àwọn ọmọ tí kò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ láyé. Bí ọmọ bá ṣe fà á ló máa pinnu ohùn tí yóò gbọ́, bóyá ti ìyá rẹ̀ tàbí ti obìnrin mìíràn. Àwọn ọmọ náà yí bí wọ́n ṣe ń fà á padà kí wọ́n lè máa gbọ́ ti ìyá wọn. Nítorí náà, ìyá àgbà tó gbé ọmọ tuntun lé itan, tó ń ki í ní oríkì rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹnu ṣòfò. Ọmọ náà ń gbọ́.

Ní nǹkan bí oṣù 2 sí 3, ọmọ á máa ṣe "àgùú", á máa rẹ́rìn-ín bí a bá wò ó lójú. Láàárín oṣù 6 sí 10, á bẹ̀rẹ̀ sí í to ìró pọ̀: ba-ba-ba, ma-ma-ma, da-da-da. Àsìkò yìí ni inú bàbá máa ń dùn pé òun ni ọmọ kọ́kọ́ pè. Kò tíì pe ẹnikẹ́ni. Ètè àti ahọ́n ló ń kọ́ṣẹ́. Ìró máa ń di ọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ bá ń lò ó fún nǹkan kan náà ní gbogbo ìgbà. Bí ọmọ bá ń pe omi ní "mimi" láàárọ̀, tó tún pè é bẹ́ẹ̀ lálẹ́, ọ̀rọ̀ ni, ẹ kà á mọ́ ọn. Kí ẹ má sì yà á lẹ́nu pé gbogbo ọkùnrin tó bá wọlé ló ń pè ní "dádì", tí gbogbo ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sì ń jẹ́ "ajá". Ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pin sí ni.

Ohun kan wà níbí tí kì í jẹ́ kí èèyàn tètè fura. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan náà máa ń ṣe àgùú ní àwọn oṣù àkọ́kọ́. Ìgbà tó yẹ kí ba-ba-ba bẹ̀rẹ̀ ni ìyàtọ̀ máa ń hàn: tirẹ̀ á pẹ́ kó tó dé, tàbí kí ohùn rẹ̀ máa dínkù dípò kó máa pọ̀ sí i. Ìyá tó bá ti gbọ́ àgùú lóṣù kẹta lè fọkàn balẹ̀ pé etí ọmọ òun pé. Ṣùgbọ́n àgùú kò fi ìyẹn hàn.

Láàárín ọdún kìíní yìí, ọmọ tún ń yan èdè. Ní 1984, Janet Werker àti Richard Tees ní Kánádà fi hàn pé ọmọ oṣù 6 sí 8 tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ lè gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín àwọn ìró kan nínú Híńdì, èdè Íńdíà, tí àgbàlagbà elédè Gẹ̀ẹ́sì kì í gbọ́. Kó tó pé ọdún kan, púpọ̀ nínú agbára yẹn ti lọ. Kì í ṣe pé ọpọlọ rẹ̀ ti kú. Ó ti mọ ìró tí wọ́n ń ná nínú ilé tirẹ̀, ó sì ti gbájú mọ́ ọn.

Nínú ilé Yorùbá, ohùn wà lára ohun tí wọ́n ń ná. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀: lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n. Àwọn òbí kan máa ń bẹ̀rù pé èyí á le jù fún ọmọ. Òdìkejì rẹ̀ ni. Nígbà tí Li àti Thompson ṣèwádìí lórí àwọn ọmọ tó ń kọ́ Mandarin, èdè Ṣáínà tó jẹ́ olóhùn bíi tiwa, ohun tí wọ́n gbé jáde ní 1977 ni pé ohùn máa ń tò lẹ́nu ọmọ kí àwọn kọ́ńsónáǹtì tó tò. Ẹni tó bá ti tọ́mọ nínú ilé Yorùbá á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ọmọ kékeré tó ń kí èèyàn káàárọ̀ láìsí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, orin ìkíni náà nìkan ló gbé sẹ́nu, ẹ sì mọ ohun tó ń sọ. Bí gángan ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn: kò ní ètè, kò ní ahọ́n, ohùn ló ń lò, a sì ń gbọ́ ọ yé.

Ètè àti ahọ́n ló máa ń pẹ́. Gbogbo lè di "bobo", ìrẹsì á di "ìyẹsì", ṣíbí á di "síbí". Gb àti p tiwa ń fẹ́ kí ọmọ lo iwájú ẹnu àti ẹ̀yìn ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ ńlá ni fún ọmọ ọdún méjì. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ máa ń lò ni pé, nígbà tí ọmọ bá pé ọdún 2, kí àlejò tí kò gbé nínú ilé lè gbọ́ bí ìdajì ohun tó ń sọ ní àgbọ́yé. Ní ọdún 3, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ní ọdún 4, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá kò lè fi ara rẹ̀ ṣe àlejò yìí, torí ìyá máa ń gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì sọ.

Iye ọ̀rọ̀ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sábà máa ń jáde ní nǹkan bí oṣù 12, kó ṣíwájú díẹ̀ tàbí kó pẹ́ díẹ̀. Kí ọmọ tó pé ọdún 2, ó yẹ kó ti máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: "mọ́mì wá", "omi tán", "gbé mi". Síso pọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju iye lọ, nítorí òun ni ìbẹ̀rẹ̀ gírámà. Ọmọ tó ń sọ "omi tán" kò gbọ́ ọ lásán kó tó tún un sọ, ó mú ọ̀rọ̀ méjì tó mọ̀, ó fi kọ́ ilé.

Ẹni tó bá wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì á rí i pé ibì kan ní ọmọ ọdún 2 gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ 50, ibòmíràn ní ó di ọdún 2 àbọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ní 2022, CDC, àjọ ìlera Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé níbẹ̀, tún àkójọ wọn ṣe. Tẹ́lẹ̀, ohun tí bí ìdajì àwọn ọmọ ń ṣe ní ọjọ́ orí kan ni wọ́n sábà máa ń kọ sílẹ̀. Wọ́n yí i padà sí ohun tí ó kéré tán ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ti ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ 50 ṣe bọ́ sí oṣù 30. Àwọn onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ kan kò fara mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń lo 50 ní ọdún 2. Bí mo ṣe lóye rẹ̀ ni pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò bá dé ojú ìlà tuntun yìí kò ní ìdí kankan tó fi yẹ kó tún máa dúró, nítorí ìlà ẹ̀yìn ni.

Ó wá kan gbọ́ kẹta. Ọmọ tó bá ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe ń gbọ́ràn. Èyí tí kò bá ṣe é, kò gbọ́ràn. Níbi tí ọ̀rọ̀ kan náà ti ń ṣe iṣẹ́ etí àti iṣẹ́ ìwà, kò ṣòro kí ọmọ tí kò gbọ́ dáadáa di olóríkunkun. Ara ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ti rí i. Ó ti lé ní ọdún méjì àbọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ. Bí wọ́n bá pè é láti ẹ̀yìn, kò ní wẹ̀yìn. Bí wọ́n bá dúró níwájú rẹ̀, á ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Gbogbo ilé gbà pé orí kunkun ni, wọ́n sì ń nà án nítorí rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí wọ́n nà án, mi ò sì sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò níkẹyìn, omi ti dúró sẹ́yìn ìlù etí méjèèjì. Ohun tó ń gbọ́ kò ju bí ìgbà tí èèyàn bá fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ojú wa ló ń kà ní gbogbo ìgbà tó fi ń ṣe ohun tí a bá rán an. Ó ṣì ń dùn mí.

Omi ẹ̀yìn ìlù etí wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ọmọ kékeré, pàápàá lẹ́yìn ọ̀fìnkìn. Ó lè má dun ọmọ rárá, kò sì ní ṣàn jáde tí èèyàn á fi rí i. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Èyí tí kò bá lọ, dókítà etí lè tọ́jú rẹ̀. Etí tó ń ṣọyún náà ń dí ọ̀rọ̀ lọ́nà, kò sì yẹ ká kàn máa kán òróró sí i. Àwọn ìpalára tó le ju ìwọ̀nyí lọ wà, tó jẹ́ pé iṣan tó ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ tàbí inú etí lọ́hùn-ún ni wọ́n ń bà jẹ́. Meningitis, àrùn awọ tó bo ọpọlọ, jẹ́ ọ̀kan. Àwọn abẹ́rẹ́ kan bíi gentamicin lè ṣe é bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀ jù. Bí oyún bá wá sáyé kí oṣù rẹ̀ tó pé, ewu náà pọ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà ni jọ́ńdíìsì ọmọ tuntun, tí ojú àti ara ọmọ á pọ́n. Ìwọ̀nba rẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Bí ó bá pọ̀ jù, tí a kò sì tètè gbé ọmọ dé ilé-ìwòsàn kí wọ́n gbé e sábẹ́ iná tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ohun pípọ́n inú ẹ̀jẹ̀ yẹn á wọ ọpọlọ, iṣan etí sì wà lára ohun tó máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Gbígbé ọmọ sí oòrùn àárọ̀ kò tó láti wo èyí tó ti le. Àwọn ọmọ kan tún wà láàárín wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD tó. Káńfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, jọ́ńdíìsì á sì le kíákíá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó káńfọ̀ sínú àpótí aṣọ ọmọ tuntun. Ọ̀pọ̀ ìyá kò mọ̀ pé aṣọ ìkómọ tí a kó jáde nínú káńfọ̀ lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ.

Pípàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ọmọ tàbí jíjá ìdérí ìkòkò bọ́ kì í ṣe àyẹ̀wò etí. Ọmọ lè wẹ̀yìn torí pé ó rí òjìji yín, tàbí pé ilẹ̀ mì. Ó sì lè gbọ́ ìró ńlá bíi ti ìlù kó má gbọ́ s, f àti t, kí ọ̀rọ̀ máa dé etí rẹ̀ lábọ̀ àbọ̀. Àyẹ̀wò tòótọ́ kì í dun ọmọ. Wọ́n á fi ohun kékeré kan sí ojú etí rẹ̀, tàbí kí wọ́n lẹ okùn tín-ín-rín mọ́ orí rẹ̀ nígbà tó bá ń sùn, ẹ̀rọ á sì ka ìdáhùn etí àti ọpọlọ láìbéèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ ọjọ́ méjì lè ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n ń lépa ni pé kí wọ́n yẹ etí gbogbo ọmọ wò kó tó pé oṣù 1, kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe é kó tó pé oṣù 3, kí ìtọ́jú sì bẹ̀rẹ̀ kó tó pé oṣù 6. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ní Nàìjíríà, wọn kì í yẹ etí ọmọ tuntun wò bí òbí kò bá béèrè.

Nípa àwọn ìmọ̀ràn tí mo fi bẹ̀rẹ̀: omi agogo kò ní wo nǹkan kan, ọjọ́ ló máa fi ṣòfò. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ ọkùnrin máa ń pẹ́ díẹ̀ sí àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò ju oṣù kan sí méjì lọ. Kò lè jẹ́ ìdí tí ọmọ ọdún méjì àbọ̀ kò fi sọ̀rọ̀. "Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú rárá, nítorí ìṣòro èdè máa ń bá ìdílé rìn, ìdí láti tètè yẹ ọmọ wò ni. Ahọ́n tó so mọ́lẹ̀ lè dí ọmú mímu lọ́wọ́, ó sì lè mú kí ìró mélòó kan má là dáadáa, ṣùgbọ́n kì í sọ ọmọ di ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò mọ̀ pé nǹkan ní orúkọ kò ní mọ̀ ọ́n torí pé ẹnìkan fi abẹ kan ahọ́n rẹ̀.

Ti èdè méjì ló máa ń bí mi nínú jù. Ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, wọ́n ń sọ fún àwọn òbí pé Yorùbá ló ń da ọmọ láàmú, kí wọ́n gbájú mọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ìwádìí lórí àwọn ọmọ elédè méjì kò gbè é lẹ́sẹ̀. Èdè méjì kì í fa kí ọmọ pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé wọ́n ka ọ̀rọ̀ inú èdè kan ṣoṣo. Bí ọmọ bá mọ ọ̀rọ̀ 30 ní Yorùbá, tó mọ 25 ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ 55 ló ní lẹ́nu. Bí ó bá ní "Mọ́mì, mo fẹ́ eat", kò dàrú. Ó mú èyí tó sún mọ́ ọn jù. Bí ó bá ń pe ìyá rẹ̀ ní "he", ẹ rántí pé "ó" kan ṣoṣo la ní fún ọkùnrin àti obìnrin. Bí ó sì ń sọ "o" fún ìyá àgbà níbi tó yẹ kó ti sọ "ẹ", kò rí ìyá àgbà fín kọ́. Láti mọ ẹni tí a ń sọ "ẹ" fún, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ipò oníkálukú nínú ilé, ìyẹn á tó ọdún mélòó kan.

Ohun tó ń ṣèpalára ni kí òbí ju èdè tó gbọ́ dáadáa nù, kó máa fi èyí tí kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu bá ọmọ sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ á dínkù nínú ilé. "Come. Sit down. Stop it." Ó tán. Ìyá àgbà tó ní ìtàn àti orin tó pọ̀ á dákẹ́ torí wọ́n ní kó má sọ Yorùbá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ ní ẹkùn Ifẹ̀ láti 1970, ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n ṣe é tán. Àwọn yẹn dàgbà ju ọmọ tí mò ń sọ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kan ẹni tó bá rò pé Yorùbá ń gba àyè Gẹ̀ẹ́sì.

Fóònù ńkọ́? Ní 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle mú àwọn ọmọ oṣù 9, elédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi Mandarin bá wọn ṣeré lẹ́ẹ̀mejìlá. Àwọn tí èèyàn jókòó tì kọ́ ìró èdè náà. Àwọn tí wọ́n fi èèyàn kan náà hàn nínú tẹlifíṣọ̀n kò kọ́ nǹkan kan. Kàtúùnù kì í dúró de ìdáhùn, kì í tẹ̀lé ojú ọmọ lọ síbi tó ń wò. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má jókòó wo tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù, kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má sì lò ju wákàtí kan lọ nídìí rẹ̀ lójúmọ́. Mo mọ bí iṣẹ́ ilé ṣe ń rí fún ìyá tó dá wà, mi ò sì ní dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ká má pè é ní ẹ̀kọ́.

Ohun tó ń kọ́ ọmọ kì í náni lówó. Bí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, ẹ máa sọ ọ́: "Omi rè é. Omi gbóná. Ẹsẹ̀ dà? Ẹsẹ̀ rè é." Bí ẹ bá ń ṣa ẹ̀wà, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́, ẹ máa sọ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe. Bí ó bá nàka sí nǹkan, ẹ pe orúkọ nǹkan náà, torí ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀ ní àkókò yẹn gan-an. Bí ó bá ní "bọ́ọ̀lù", ẹ fi kan lé e: "Bẹ́ẹ̀ ni, bọ́ọ̀lù ńlá." Bí ó bá ní "ìyẹsì", ẹ má ní kó tún un pè, ẹ kàn dáhùn pé "o fẹ́ ìrẹsì?" Á gbọ́ ìyàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Èyí ló le jù fún wa. A máa ń bi ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta, a ó sì dáhùn wọn fúnra wa kó tó la ẹnu. Ẹ kà dé mẹ́wàá nínú ọkàn yín, kí ẹ máa wo ojú rẹ̀. Ìdí tí eré bojúbojú fi dára nìyẹn: ọmọ mọ̀ pé ó ti kan òun.

Bí ọmọ ọdún 2 sí 5 bá bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, "mo-mo-mo fẹ́", ẹ má sọ fún un pé kó fara balẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín in jẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń bọ́ nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ, ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀. Bí kíkólòlò náà bá lé ní oṣù mẹ́fà, tàbí tí ojú rẹ̀ ń le bí ọ̀rọ̀ bá há, ẹ wá onímọ̀ lọ.

Àwọn àmì kan wà tí mi ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró lé lórí fún oṣù kan. Ọmọ oṣù 12 tí kì í dáhùn orúkọ rẹ̀, tí kì í nàka sí nǹkan, tí kì í juwọ́ sí èèyàn. Ọmọ oṣù 16 tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan. Ọmọ ọdún 2 tí kò so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, tàbí tó jẹ́ pé ohun tó gbọ́ nìkan ló ń tún sọ. Èyí tó lágbára jù ni ọmọ tó ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tẹ́lẹ̀, tí àwọn ọ̀rọ̀ náà wá ń pòórá. Ní ọjọ́ orí yòówù, ẹ gbé e lọ. Ó lè jẹ́ etí, ó lè jẹ́ ọ́tísíìmù, ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń lóye èèyàn àti ọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ọ́tísíìmù kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọwọ́fà ìyá. Bí ọmọ náà bá ṣe tètè rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ni ọ̀nà tí yóò fi máa bá ayé sọ̀rọ̀ ṣe máa là tó.

Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé-ìwòsàn ńlá, bí irú èyí tó wà ní UCH n'Ìbàdàn. Etí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kó tó kan ti ẹnu, bó tilẹ̀ dá yín lójú pé ó ń gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n darí yín sí àwọn tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, tí wọ́n ń pè ní speech therapist. Bí ẹni tó gbà yín bá ní kí ẹ lọ dúró dìgbà tó bá pé ọdún 4, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ sílẹ̀ lọ, ní èdè yòówù, títí kan "mimi". Ẹ sì fi fóònù yẹn ká fídíò bíi ìṣẹ́jú méjì nínú ilé níbi tí ara rẹ̀ ti balẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń yadi níwájú dókítà.